Ọdún mélòó ni rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀daràn fi ń wà lórúkọ èèyàn, ṣé ó ṣeé pa rẹ́?

ỌmọÀkànní:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ò ní ṣàì wà. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé New York, gíríìn káàdì ló ní. Ní 2016 wọ́n mú un ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ní ó fẹ́ gbé ọjà jáde láìsanwó, ọlọ́pàá gba ìtẹ̀ka ẹ̀, wọ́n gbé e dé kóòtù, lọ́yà tí ìjọba yàn fún un ní kó sáà gbà pé òun jẹ̀bi kó lè máa lọ sílé ẹ̀, ó sì gbà. Petit larceny, ìyẹn olè kékeré, ló ní wọ́n kọ síbẹ̀, misdemeanor nìyẹn, ọ̀ràn kékeré. Kò sùn lẹ́wọ̀n, adájọ́ kàn ní kò gbọ́dọ̀ tún bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá fún ọdún kan, ó san owó kóòtù, ó tán. Látìgbà yẹn kò sí nǹkan kan tó tún da òun àti ọlọ́pàá pọ̀.

Ó wá fẹ́ wọṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó báyìí, wọ́n ní àwọn máa ṣe background check, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tó ti ṣe sẹ́yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní tó bá ti ju ọdún méje lọ ó ti lọ nìyẹn, kó kọ rárá síbi tí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè. Ọkàn mi ò gbà á. Ó tún ní òun fẹ́ ṣe ìwé ọmọ onílùú lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ ọdún méje yìí, àbí nǹkan kan wà téèyàn lè ṣe kí wọ́n pa á rẹ́ pátápátá?

BàbáÌbejì:
Ọdún méje lèmi náà ń gbọ́ o. Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, ìwé tí àwọn tó ṣe àyẹ̀wò mi fi ránṣẹ́, ọdún méje sẹ́yìn nìkan ló wà nínú ẹ̀, wọ́n fún èmi náà ní ẹ̀dà kan. Tó bá ti jẹ́ 2016, ó ti kọjá. Kó fọkàn balẹ̀.

Lọ́yàÀdìó:
Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọdún méje yìí dáadáa torí ó ti ti ọ̀pọ̀ èèyàn wa sínú ọ̀fìn. Ibi tó ti wá ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Fair Credit Reporting Act, láti 1970 ló ti wà. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń ta ìròyìn nípa èèyàn fún àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ni òfin náà ń bá wí. Kò bá kóòtù wí, kò bá ọlọ́pàá wí. Ohun tó sì sọ ni pé tí ọlọ́pàá bá mú èèyàn tí kóòtù ò wá dá a lẹ́bi, àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ kọ mímú yẹn síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún 7, ìyẹn tí owó iṣẹ́ tó ń wá ò bá tó $75,000 lọ́dún. Ṣùgbọ́n tí kóòtù bá ti dá a lẹ́bi, tàbí tí òun fúnra ẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi, òfin àpapọ̀ ò fi gbèdéke kankan sí i, ó lè pé ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n ṣì kọ ọ́ jáde. Àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ọdún 7 tiwọn lé e fún ìdálẹ́bi pàápàá, California ṣe bẹ́ẹ̀, New York náà ṣe é, àmọ́ ti New York ò ṣiṣẹ́ mọ́ tí owó iṣẹ́ bá ti tó $25,000 lọ́dún, ta ló sì ń ṣiṣẹ́ tí kò tó iye yẹn báyìí?

Rẹ́kọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ kì í gbó. Ó wà lọ́dọ̀ kóòtù, ó wà lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ FBI, ibẹ̀ náà ló máa wà títí àyàfi tí òfin tàbí àṣẹ adájọ́ bá ní kí wọ́n tì í pa, ìyẹn kó wà níbẹ̀ àmọ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn má lè rí i, tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí èèyàn tó béèrè ọdún mélòó, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló fẹ́ wò ó? Ọ̀gá ilé iṣẹ́ lásán, iṣẹ́ tó ń gba ìtẹ̀ka, ọlọ́pàá, ìmígíréṣọ̀n, olúkúlùkù wọn ló ní ojú tó fi ń wò ó.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà fún àbúrò yín ni òfin Clean Slate ti New York. Gómìnà fọwọ́ sí i ní November 2023, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 16 November 2024. Misdemeanor, ọdún 3 lẹ́yìn ìdájọ́ tàbí lẹ́yìn tó jáde lẹ́wọ̀n. Felony, ìyẹn ọ̀ràn ńlá, ọdún 8. Kò gbọ́dọ̀ ní ẹjọ́ mìíràn nílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ probation tàbí parole, ìyẹn ìṣọ́ ìjọba dípò ẹ̀wọ̀n tàbí lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n. Àwọn ọ̀ràn ìbálòpọ̀ àti ọ̀pọ̀ felony class A, ìpele tó wúwo jù, bí ìpànìyàn, ò sí nínú ẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù tó máa kọ, kò sí owó tó máa san, kóòtù ló máa tì í pa fúnra ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé òfin fún àwọn kóòtù láyè di November 2027 kí wọ́n fi ṣe ti gbogbo èèyàn tán. Nítorí náà ó lè ti yẹ kí wọ́n ti tì rẹ́kọ́ọ̀dù àbúrò yín pa kí wọ́n má sì tíì kàn án.

Kó tó ṣe ohunkóhun, kó lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù tó ti jẹ́jọ́, kó gba ìwé tí wọ́n ń pè ní certificate of disposition, ìwé tó ń sọ bí ẹjọ́ ṣe parí. Ohun tó rò pé wọ́n kọ ò tó, ohun tí wọ́n kọ gan-an la fẹ́ rí.

ỌmọÀkànní:
Lọ́yà, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti pè é, ó ní òun ò ní ìwé kankan lọ́wọ́ mọ́ ṣùgbọ́n òun á lọ. Ìbéèrè kan, tí wọ́n bá ti tì í pa báyìí, ṣé ó lè wá kọ rárá lórí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ arúgbó yẹn?

TítíNọ́ọ̀sì:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí torí inú iṣẹ́ yẹn ni mo wà ní New York níbí. Home health aide, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú èèyàn nílé, ìtẹ̀ka ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ ló ń ṣe àyẹ̀wò yẹn fúnra wọn, kì í ṣe ilé iṣẹ́ aládàáni. Òfin Clean Slate sì ṣẹ́ irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́tọ̀, iṣẹ́ tó bá jẹ́ pé òfin ló ní kí wọ́n yẹ ìtẹ̀ka wò torí àwọn ọmọdé, àwọn arúgbó, àwọn tí ò lè gba ara wọn sílẹ̀, wọ́n ṣì máa rí ohun tí wọ́n tì pa. Ọlọ́pàá náà máa rí i, àwọn tó ń fúnni níwèé ìbọn náà máa rí i. Tó bá lọ kọ rárá síbẹ̀ tí ìtẹ̀ka sì jáde, irọ́ yẹn ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe ọjà ṣọ́ọ̀bù ti 2016. Mo ti rí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin kan tó mọṣẹ́ dáadáa, ó dùn mí títí dòní.

Àmọ́ kò túmọ̀ sí pé wọn ò ní gbà á o. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Article 23-A, ó ní agbanisíṣẹ́ ò kàn gbọ́dọ̀ torí pé èèyàn ní rẹ́kọ́ọ̀dù kó lé e lọ, ó gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ tó ti pẹ́, ọjọ́ orí ẹ̀ nígbà yẹn, bí ọ̀ràn náà ṣe wúwo tó, bóyá ó kan iṣẹ́ tó ń wá, àti ẹ̀rí pé èèyàn náà ti yí padà. Kó kó lẹ́tà jọ, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ti ilé ẹ̀kọ́.

Lọ́yàÀdìó:
Òótọ́ ni Títí sọ. Kó tún béèrè certificate of relief from disabilities ní kóòtù yẹn kan náà. Kì í pa nǹkan kan rẹ́, àmọ́ tó bá wà lọ́wọ́ èèyàn, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ kà á sí ẹ̀rí pé ó ti yí padà, ẹnu ẹni tó bá fẹ́ lé e lọ á sì rọ̀.

BàbáÌbejì:
Kí wá ni àǹfààní títì pa yẹn tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì ń rí i? Ó ń ká mi lára o. Èèyàn ṣàṣìṣe ní kékeré, ó jìyà ẹ̀, ó tọ́mọ, ó sanwó orí, wọ́n ṣì ń tú àpò ẹ̀ wò.

TítíNọ́ọ̀sì:
Àǹfààní ẹ̀ pọ̀, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì, àti àwọn onílé tó ń wò ó kí wọ́n tó gbani sílé, gbogbo ìyẹn ò ní rí i mọ́. New York ò tiẹ̀ gbà kí agbanisíṣẹ́ lásán béèrè ohun tí wọ́n ti tì pa, èèyàn lè dáhùn bíi pé kò sí. Ti àwọn tí kóòtù dá sílẹ̀ tàbí tí wọ́n da ẹjọ́ wọn nù tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọjọ́ tí ẹjọ́ bá ti parí ló ti yẹ kí wọ́n tì í, kò dúró de ọdún kankan.

KúnléBrooklyn:
Ti igbó ńkọ́? Wọ́n mú èmi náà pẹ̀lú ẹ̀ nígbà kan.

Lọ́yàÀdìó:
Kúnlé, ìyẹn ni New York pa rẹ́ gan-an, kì í ṣe títì lásán. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní March 2021 ló ní kí wọ́n expunge àwọn ìdálẹ́bi igbó tí kì í ṣe ọ̀ràn mọ́. Ṣùgbọ́n tí o ò bá tíì di ọmọ onílùú, má fi ìyẹn yangàn níwájú ìmígíréṣọ̀n, òfin ìjọba àpapọ̀ ò tíì gba igbó, ojú òfin àpapọ̀ sì ni ìmígíréṣọ̀n fi ń wò.

ṢadéÌwé:
Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. ỌmọÀkànní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí fún àbúrò yín ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìwé ìlú ni mo fi ń jẹun, mo sì ti rí omijé tó pọ̀ lórí nǹkan yìí.

Ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ ti pa á rẹ́. Ní 1996 ni ilé aṣòfin àpapọ̀ kọ ìtumọ̀ ìdálẹ́bi tiwọn sínú òfin. Tí èèyàn bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì ti fi ìyà tàbí ìdènà kankan lé e lórí, ó ti jẹ́ ìdálẹ́bi lójú tiwọn, ìpínlẹ̀ ì báà pa á rẹ́ lọ́la. Ẹjọ́ Roldan tí wọ́n dá ní 1999 ló fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ti Pickering ní 2003 ló wá ṣí ihò kékeré kan sílẹ̀: tí adájọ́ bá fagi lé ìdálẹ́bi torí pé àṣìṣe òfin wà nínú ẹjọ́ náà, ìmígíréṣọ̀n máa gbà á. Tó bá jẹ́ torí àánú ni, tàbí torí pé èèyàn ti di èèyàn gidi, wọn ò ní gbà á.

Fọ́ọ̀mù N-400 tí àbúrò yín máa kọ fún ìwé ọmọ onílùú, ó máa bi í bóyá wọ́n ti mú un RÍ, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti tì í pa, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti pa á rẹ́, ì báà jẹ́ pé lọ́yà tàbí ọlọ́pàá ló sọ fún un pé kò sí mọ́. Ìdáhùn ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n máa gba ìtẹ̀ka ẹ̀, ti 2016 á sì jáde lọ́dọ̀ FBI. Ẹni tó jalè kékeré tó sì sọ òótọ́ ṣì lè gba ìwé, torí ọdún 5 tó ṣíwájú ọjọ́ tó kọ fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń wò jù fún ìwà ọmọlúàbí, ọdún 3 tó bá jẹ́ pé nípasẹ̀ ìyàwó tàbí ọkọ ọmọ onílùú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè wo ẹ̀yìn síwájú sí i. Ẹni tó bá parọ́, irọ́ yẹn ti di ọ̀ràn tòní, inú ọdún 5 yẹn ló sì bọ́ sí.

Èkejì, kó má wọ bàálù lọ sílé fún Kérésìmesì tàbí ìnáwó kankan kó tó rí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n. Ọ̀ràn olè wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní crime involving moral turpitude, ìyẹn ọ̀ràn tó lòdì sí ìwà ọmọlúàbí. Onígíríìn káàdì tó ní irú ẹ̀ tó bá jáde lọ, nígbà tó bá ń padà bọ̀ wọ́n lè dá a dúró ní pápákọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Àyè wà fún ọ̀ràn kékeré kan ṣoṣo, tí ìyà tó ga jù lórí ẹ̀ ò bá ju ọdún kan lọ tí wọn ò sì rán an lẹ́wọ̀n tó ju oṣù 6 lọ, ó jọ pé tiẹ̀ bọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà ni kó fọwọ́ sọ̀yà fún un, kì í ṣe èmi.

Ẹ̀kẹta, lọ́yà tó ní kó sáà gbà yẹn, ṣé ó sọ fún un pé ó lè kan gíríìn káàdì ẹ̀? Láti 2010 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Padilla, dandan ni kí lọ́yà sọ ọ́ fún oníbàárà ẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, èèyàn lè padà lọ bá kóòtù kí wọ́n fagi lé e, irú ìyẹn sì ni ìmígíréṣọ̀n ń gbà.

ỌmọÀkànní:
Àyà mi já nígbà tí mo ka ti bàálù yẹn torí ó ti ń wo owó tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti ní kó dáwọ́ dúró. Ẹ ṣé gan-an ni, Àǹtí Ṣadé.

GbénróLondon:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti England àti Wales fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa, torí àwọn èèyàn ń gbé òfin Amẹ́ríkà wá bá wa. Níbí, òfin tó ń jẹ́ Rehabilitation of Offenders Act 1974 ló ń sọ ìgbà tí ìdálẹ́bi di spent, ìyẹn èyí tí òfin kà sí ohun tó ti kọjá. Wọ́n dín ọdún ẹ̀ kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 28 October 2023. Owó ìtanràn, oṣù 12 láti ọjọ́ ìdájọ́. Ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ, oṣù 12 lẹ́yìn tí ẹ̀wọ̀n náà bá parí. Èyí tó ju ọdún 1 títí dé ọdún 4, ọdún 4 lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tó ju ọdún 4 lọ, ọdún 7, àyàfi àwọn ọ̀ràn ńlá ti ìwà ipá, ti ìbálòpọ̀ àti ti ìpániláyà tí kì í di spent láé. Gbogbo ọjọ́ ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ pè lẹ ó kà o, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi ìyẹn kà, wọ́n á sọ fún agbanisíṣẹ́ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí oṣù ṣì kù.

Tó bá ti di spent, basic DBS, ìyẹn àyẹ̀wò rẹ́kọ́ọ̀dù tó kéré jù, ò ní gbé e jáde, èèyàn ò sì ní láti sọ ọ́ fún agbanisíṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n standard àti enhanced, ti ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé arúgbó, ń wo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ìdálẹ́bi àgbàlagbà gbọ́dọ̀ pé ọdún 11 kí wọ́n tó yọ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ní ẹ̀wọ̀n, kò gbọ́dọ̀ wà lára àwọn ọ̀ràn tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá ní tiẹ̀, ó máa wà níbẹ̀ títí èèyàn á fi pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Home Office, àwọn ìmígíréṣọ̀n tiwa, náà dà bí ti Amẹ́ríkà yẹn, spent ò kàn wọ́n, tó bá di ti físà tàbí ìwé ìlú, gbogbo ẹ̀ ni kí èèyàn sọ.

MọmíTèmi:
Ẹ̀yin ará, mo ti ń kà á láti òkè, ọwọ́ mi ń gbọ̀n kí n tó kọ èyí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 15 ló wà nígbà tó bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jà níta ilé ìwé, ọlọ́pàá fún un ní youth caution, ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fún ọmọdé. Ó ti wọ yunifásítì báyìí, iṣẹ́ tíṣà ló fẹ́ ṣe. Ṣé nǹkan yìí ti ba ayé ẹ̀ jẹ́ ni? Mi ò lè sùn.

GbénróLondon:
Màmá, ẹ sùn. Youth caution di spent lọ́jọ́ tí wọ́n fún un gan-an. Láti 28 November 2020, kì í jáde fúnra ẹ̀ mọ́ pàápàá lórí enhanced DBS tí àwọn tíṣà ń ṣe. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè fúnra ẹ̀ rò pé ó kan iṣẹ́ yẹn kó sì kọ ọ́ sí i, ìjà ọmọ iléèwé kan ṣoṣo ò jọ ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ẹ̀.

ṢadéÌwé:
Mo gbà fún Gbénró. Àfikún kan ni pé tó bá fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà lọ́jọ́ iwájú, fọ́ọ̀mù físà DS-160 máa bi í bóyá wọ́n ti mú un rí, kódà tí wọ́n ti dárí jì í. Tí wọ́n bá fi àṣẹ ọlọ́pàá mú un lọ́jọ́ náà kó sọ ọ́, kó sì gba ìwé ACRO, ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá UK. Àwọn nǹkan àtijọ́ tó kéré máa ń jáde níbẹ̀ pé "No Live Trace", ìyẹn pé nǹkan wà nílẹ̀ àmọ́ wọn ò kọ ọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, kò ní dí i lọ́nà tó bá ti sọ òótọ́.

MọmíTèmi:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Mo ti pè é lórí fóònù, a jọ sunkún.

TorontoBọ̀dá:
Kánádà lèmi wà. Record suspension là ń pè é níbí, pardon ni wọ́n ń pè é títí di 2012. Parole Board of Canada ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Ọ̀ràn summary, ìyẹn ọ̀ràn kékeré, ọdún 5 lẹ́yìn tí èèyàn bá ti parí gbogbo ìyà ẹ̀, owó ìtanràn tó jẹ náà gbọ́dọ̀ ti san tán o. Indictable, ìyẹn ọ̀ràn ńlá, ọdún 10. Owó ẹ̀ ti ju $600 lọ tẹ́lẹ̀, January 2022 ni wọ́n já a wálẹ̀ sí $50, torí náà ẹni tó bá ń gba ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́wọ́ yín kó tó bá yín kọ ọ́, ẹ sá fún un. Àti pé àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ò ka record suspension wa sí, tí wọ́n bá ti rí i sínú kọ̀ǹpútà tiwọn tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló wà.

BàbáÌbejì:
Nàìjíríà wa ńkọ́ o? Mo ní ìbátan kan níbẹ̀.

Àmọ̀finÌbàdàn:
Ní Nàìjíríà, ẹ̀gbọ́n, kò sí òfin tó sọ pé lẹ́yìn ọdún báyìí rẹ́kọ́ọ̀dù á lọ. Administration of Criminal Justice Act 2015, abala 16, ní kí ọlọ́pàá ní ibi kan tí wọ́n ń kó gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù jọ sí, kí wọ́n máa fi ìdájọ́ kóòtù ránṣẹ́ síbẹ̀ láàárín 30 ọjọ́. Ibi tó ti máa ń kan èèyàn jù ni police character certificate, ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tó bá fẹ́ rìnrìn àjò.

Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi, ọ̀nà méjì ló ní. Kó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí wọ́n sì fagi lé e, tàbí kó rí ìdáríjì gbà, abala 175 ìwé òfin 1999 fún Ààrẹ, abala 212 fún gómìnà. Ìdáríjì kíkún sì lágbára. Ìjọba Abacha rán Ọbásanjọ́ lẹ́wọ̀n ní 1995, Abdulsalami dárí jì í ní 1998, nígbà tó wọlé ìbò 1999, Fálaé tó bá a díje gbé e lọ kóòtù pé ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ni. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìdáríjì yẹn ti pa ìdálẹ́bi náà rẹ́, ó ti di èèyàn tuntun. Àmọ́ ọ̀nà àwọn ńlá nìyẹn o, mẹkáníìkì tó san owó ìtanràn ní kóòtù májísíréètì ò mọ ibi tó máa gbà dé ọ̀dọ̀ gómìnà. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa ṣe òfin tó ní ọdún nínú fún àwọn ọ̀ràn kékeré. Wọ́n kúkú ṣe é fún ara wọn: ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi nítorí ìwà àìṣòótọ́, lẹ́yìn ọdún 10 ó lè díje fún ilé aṣòfin, ó wà nínú abala 66 ìwé òfin 1999.

KúnléBrooklyn:
Bó tiẹ̀ jẹ́ pé kóòtù ti tì í, Google ńkọ́? Orúkọ mi ṣì wà nínú ìwé ìròyìn àdúgbò kan.

GbénróLondon:
Ti Yúróòpù àti ọ̀dọ̀ wa níbí, láti 2014 tí kóòtù Yúróòpù ti dá ẹjọ́ Google Spain, èèyàn lè ní kí Google yọ àwọn ìjápọ̀ àtijọ́ kúrò lára orúkọ òun. Ní 2018 kóòtù gíga ní London gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọkùnrin méjì tí ìdálẹ́bi wọn ti di spent, wọn ò dárúkọ wọn, NT1 àti NT2 ni wọ́n pè wọ́n. NT2 borí torí ó ti gbà pé òun ṣẹ̀, ó sì ti yí padà. Wọn ò gbọ́ ti NT1. Amẹ́ríkà ò ní irú òfin yẹn, àfi kó o kọ̀wé bẹ ìwé ìròyìn náà.

Lọ́yàÀdìó:
Kúnlé, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ gan-an ni pé kó o yẹ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ìròyìn background wò. Wọ́n máa ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù kóòtù lọ́pọ̀, kóòtù á ti ti tiẹ̀ pa, ẹ̀dà àtijọ́ á ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀ ẹ́ torí ìròyìn wọn, dandan ni kí wọ́n fún ẹ ní ẹ̀dà ẹ̀. Kọ̀wé sí wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, fi ìwé kóòtù tì í, wọ́n ní nǹkan bí 30 ọjọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì tún un ṣe. Tó o bá tún fẹ́ rí ohun tó wà lọ́dọ̀ FBI, $18 ni, ìtẹ̀ka ẹ lo máa fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá sì ní òun lẹ́nu nínú FBI tí òun máa bá ẹ yọ orúkọ ẹ, olè ni.

ỌmọÀkànní:
Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Àbúrò mi ti lọ kóòtù, ó ti gba certificate of disposition, ó sì ti ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lọ́yà, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi mú un ni petit larceny. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n kọ ohun tó gbà sí, ohun tó wà níbẹ̀ ni disorderly conduct, ìyẹn dídá rúkèrúdò sílẹ̀, PL 240.20 nínú òfin ọ̀ràn New York. Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀! Láti 2016 ló ti ń kọ petit larceny sórí àwọn fọ́ọ̀mù iṣẹ́, àwọn iṣẹ́ kan sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí ẹ̀.

Lọ́yàÀdìó:
Háà. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi. Disorderly conduct kì í ṣe crime rárá nínú òfin New York, violation ni, ó kéré sí misdemeanor. Ó jọ pé lọ́yà ìjọba yẹn ti bá agbẹjọ́rò ìjọba dúnàádúrà, kò kàn ṣàlàyé fún ọmọ náà. Fọ́ọ̀mù tó bá béèrè bóyá wọ́n ti dá a lẹ́bi crime, rárá ni ìdáhùn ẹ̀, òótọ́ sì ni. Kò tiẹ̀ nílò Clean Slate fún un, òfin títì pa mìíràn, CPL 160.55 nínú òfin ìlànà ẹjọ́ New York, ló wà fún violation. Kó béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣe é, ẹ̀ka DCJS ló ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù èèyàn han ẹni tó ni ín.

ṢadéÌwé:
Ọlọ́run ṣeun! Ọ̀ràn olè ti kúrò lọ́rùn ẹ̀ nìyẹn. Lórí N-400 ṣá o, bẹ́ẹ̀ ni ló ṣì máa kọ, torí wọ́n mú un, wọ́n sì gba ìtẹ̀ka ẹ̀. Kó fi ìwé kóòtù yìí mọ́ fọ́ọ̀mù, ojúlówó tó ní òǹtẹ̀, kó gba méjì, kó mú ọ̀kan dání lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kó sì fi han lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn.

ỌmọÀkànní:
Ó ti ń padà lọ gba èkejì.